Ṣẹ́gun Olúṣọlá: Bàbá Tó Gbé Irú Ìlú Wa Sórí Tẹlifíṣàn Fún Ogún Ọdún

Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìkọ̀lé, kì í ṣe ọmọ Ọ̀yẹ́, kì í ṣe ọmọ Ìdó. Kódà, kì í ṣe ọmọ Èkìtì rárá. Mo ti mọ̀ pé àwọn kan á máa bèèrè lórí wáàsáàpù pé ṣé àwọn èèyàn tiwa ti tán ni. Wọn ò tán o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí mo fi mú bàbá yìí.

Orúkọ wọn ni Ṣẹ́gun Olúṣọlá. Àwọn òbí wa tí wọ́n ní tẹlifíṣàn nílé láyé ìgbà yẹn ò nílò kí n júwe wọn. Àwa ọ̀dọ́ ni orúkọ náà lè ṣàjèjì sí. Àwọn ni wọ́n dá eré The Village Headmaster sílẹ̀, eré tó bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní 1968 tí kò kúrò níbẹ̀ títí di 1988. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí eré yẹn bẹ̀rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí yunifásítì kó tó parí. Lóde òní, tí eré kan bá lo ọdún mẹ́ta, a ti ń sọ pé ó pẹ́ jù.

Ìpèrú Rẹ́mọ nilé wọn, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí wọn sí, lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1935. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí náà rí bẹ́ẹ̀: ilé yín ń bẹ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì, Kàdúná tàbí Èkó ni wọ́n ti gbẹ̀bí yín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń mọ̀ láti kékeré pé ayé ò mọ sí ẹnu ọ̀nà bàbá òun. Lójú tèmi, ohun tí bàbá wá fi eré wọn ṣe lẹ́yìnwá ọ̀la ò jìnnà sí ìyẹn.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tẹlifíṣàn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ìjà ló bí i. Ní 1953, Anthony Enahoro gbé àbá lọ sílé aṣòfin pé kí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà dàjọ̀ngbọ̀n, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group fìbínú jáde nílé aṣòfin. Gómìnà òyìnbó, Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó di ẹ̀bi ru wọ́n. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè kóun fèsì. Wọ́n kọ̀. Ìyẹn ló mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn pinnu pé àwọn á ní ilé iṣẹ́ tàwọn, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn. Àwọn àti Overseas Rediffusion jọ dá a sílẹ̀ ní Àgódi, n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ adúláwọ̀ kó tó dé, òun ni wọ́n sì fi ń yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ìyáàfin Aníkẹ́ Agbájé-Williams lojú àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí níbẹ̀. Ẹ rántí pé àwa náà wà lábẹ́ ìjọba yẹn nígbà náà. Ọdún 1996 ni Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀. Owó kòkó àwọn bàbá bàbá wa wà nínú àpò tí wọ́n ti ná owó yẹn.

Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, bọ́ sí. Wọ́n wà lára àwọn prodúsà tí WNTV kọ́kọ́ ní. Ẹ lè máa rò pé ẹni tó di kámẹ́rà mú ni prodúsà. Rárá o. Òun ló máa wá ìtàn, á wá ẹni tó máa kọ ọ́, á wá àwọn eléré, á bẹ àwọn tó bá bínú, á wá owó, á ṣọ́ aago, á sì dáhùn fún un tó bá bàjẹ́. Tó bá dára, eléré làwọn èèyàn máa ń yìn. Àwa tí a ti ṣètò ọjọ́ ìlú rí mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, àbí? Ẹni tó sáré káàkiri wá kánópì àti jẹnẹrétọ̀ kì í sí nínú fọ́tò.

Iṣẹ́ náà tún le ju tòde òní lọ fíìfíì. Láyé ìgbà yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣàn. Bí eléré bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń wò ló rí i pé ó gbàgbé. Kò sí pé à ń tún un ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ku bí oṣù méjì, bàbá gbé eré Wọlé Ṣóyínká kan tó ń jẹ́ My Father's Burden sórí WNTV. Òun làwọn òpìtàn ń pè ní eré tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ tí wọ́n sì ṣe nílẹ̀ wa. Ṣóyínká ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé lọ́dún yẹn ni. Àwọn méjèèjì àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn mìíràn tún jọ wà nínú ẹgbẹ́ eléré tí wọ́n pè ní 1960 Masks, àwọn tó ṣe A Dance of the Forests ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ oṣù ni wọ́n ń ṣe lójú ọ̀sán. Alẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò.

Nígbà náà, sítúdíò Àgódi tún ṣílẹ̀kùn fún àwọn eléré alárìnkiri: Ògúndé, Dúró Ládípọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Mo ní láti dúró níbi orúkọ tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí ọmọ wa ni. Òkèmẹ̀sí ni wọ́n ti bí Ògúnmọ́lá, tísà sì ni kó tó gbájú mọ́ eré. Nígbà tó kú ní 1973, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ mìíràn, a máa kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo ṣèlérí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kí tẹlifíṣàn tó dé, ẹni tó bá fẹ́ wo Ògúnmọ́lá ní láti dúró títí ọkọ̀ wọn á fi dé ìlú rẹ̀. Tẹlifíṣàn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni méjì tí wọn ò mọra, tí ìlú wọn jìnnà síra, rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú kan náà.

Nígbà tó yá, bàbá fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sí Èkó, sí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NBC. Ibẹ̀ ni The Village Headmaster ti di eré tẹlifíṣàn. Orí rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eré náà fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá a láyé. Ìlú kékeré kan ni, wọ́n ń pè é ní Ọjà. Ó ní ààfin, ó ní ìgbìmọ̀ olóyè, ó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Kábíyèsí ibẹ̀ ni Ọlọ́jà, oyè tí kò ṣàjèjì sí wa l'Èkìtì rárá. Ó ní káńsílọ̀ tó ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan gba ọwọ́ òun, ó ní obìnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ ilé gbogbo èèyàn. Láàárín wọn ni hẹdimásítà wà. Ó kàwé, ó mọ òfin, àwọn ọmọ ìlú wà níwájú rẹ̀ láràárọ̀, síbẹ̀ kì í ṣe olóyè, kò ní ọlọ́pàá, kò lówó. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni pé wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Tí ààfin bá fẹ́ báyìí, tí ilé ẹ̀kọ́ sì fẹ́ báyẹn, ìjà ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Ṣé ẹ ti ń rí ìlú wa níbẹ̀?

Kì í ṣe àdédé ni bàbá fi mú hẹdimásítà. Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí abúlé tí kò ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ń bá wọn ka lẹ́tà tó ti Èkó wá, òun ló ń bá wọn kọ èsì, òun ló ń mú ìwé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ D.O. L'Èkìtì níhìn-ín, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè: ta ló jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀? Níbi púpọ̀, tísà ni. Eré bàbá Olúṣọlá mú ẹni yẹn, tí gbogbo èèyàn ń rí lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí akọni, ó fi í sí àárín gbùngbùn ìtàn.

Ẹni mẹ́ta ló jẹ hẹdimásítà yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe é, Fẹ́mi Robinson gbà á, Justus Esiri ló wá tẹ̀ lé e. Ọmọ Úróbò ni Mukoro. Dejumo Lewis ló jẹ́ Kábíyèsí, tó ń dé adé Yorùbá, tó ń gbọpá. Bassey Okon, tí Jab Adu ṣe, ará Calabar ni nínú eré náà, ó ń gbé láàárín wọn bí ọmọ onílé. Ẹ wá wo ọdún tó bẹ̀rẹ̀: 1968. Ogun abẹ́lé ń jó lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn èèyàn ń sá kúrò láàárín ara wọn káàkiri Nàìjíríà, bàbá yìí sì ń gbé ìlú kékeré kan síwájú wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí Yorùbá àti àjèjì ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, tí wọ́n tún ń parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan lè ní eré lásán ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ Ìpèrú sí Kàdúná mọ ohun tí ogun yẹn ń bàjẹ́, ọmọ tí wọ́n bí náà sì mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó wọn, Elsie Olúṣọlá, wà nínú eré náà. Àwọn ni Sísí Clara. Ibidun Allison ló ṣe Amẹ́bọ, obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ ilé gbogbo èèyàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe ara yín ní amẹ́bọ lórí wáàsáàpù ìlú, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ èèyàn nínú eré ni? Kó tó di ọ̀rọ̀ tí Hausa, Ígbò, Ìjọ̀ àti Yorùbá jọ ń sọ, ẹnì kan ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ nínú eré bàbá yìí. Ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ Olúṣọlá rí ti ń sọ ọ̀rọ̀ wọn láti kékeré.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Olóyè Ẹléyinmi. Fúnṣọ́ Adéolú ló ṣe é, olóyè tó máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, wọ́n pe Fúnṣọ́ Adéolú lọ sílé. Ní 1990, wọ́n fi jẹ Aláyé ti Òde Rẹ́mọ. Ẹni tó ti ń ṣe olóyè lórí tẹlifíṣàn fún ọdún gbọọrọ wá gun orí ìtẹ́ tòótọ́, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi wàjà ní 2008. Mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn olóyè dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, ó ti ní láti rí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó gbé e mì.

Àwọn àgbà kan máa ń bá eré náà wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú pijín, tí Yorùbá sì kàn ń yọjú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ìyá tó wà l'Ayédé tàbí n'Ítàpá kò lè gbọ́ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé ni, ṣé ará Sókótó á wò ó? Fún ẹni tó ń wá eré tó máa so gbogbo Nàìjíríà pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nílẹ̀. N'Ìbàdàn ní tiwọn, Dúró Ládípọ̀ ń fi Yorùbá ṣe Bọ́dẹ Wáàsinmi lórí tẹlifíṣàn, ó sì dùn. Ibi méjì ni wọ́n ń lọ. Ká má fi ọ̀kan na èkejì.

Nígbà tí ìjọba ológun kó gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn jọ di NTA, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1977, eré náà wá ń dé gbogbo ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn tò lé e: Cock Crow at Dawn, Mirror in the Sun, Checkmate. Ẹni tó bá ṣe eré tẹlifíṣàn alápá púpọ̀ nílẹ̀ wa lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀nà tí bàbá là ló gbà.

Ní 1987, ìjọba rán bàbá lọ sí Ẹtiópíà gẹ́gẹ́ bí ambásádọ̀ wa, àti sí àjọ OAU tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Addis Ababa. Ọdún kejì lẹ́yìn náà ni eré náà kásẹ̀ nílẹ̀. Bàbá wà lọ́hùn-ún títí di 1993. Ìlú tó ń gbóná ni wọ́n rán wọn lọ: ogun ń lọ, ìyàn ń jà, ní 1991 ni Mengistu fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n rí nípa àwọn tí ogun lé kúrò nílé kò fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dá African Refugees Foundation sílẹ̀ pẹ̀lú Olóyè Opral Benson, lọ́dún 1993 náà. Àsìkò yẹn kò tíì pẹ́ tí àwọn ará Làìbéríà tí ogun lé wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní àgọ́ Òrù, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n tún ṣí ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Sùúrùlérè, Àjíbúlù-Mónìyà, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè jókòó jẹun jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2012, bàbá dágbére fáyé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Ibi tó dun èmi jù nínú ìtàn yìí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o wá The Village Headmaster. Ohun tí o máa rí kò tó nǹkan kan lára ogún ọdún. Téèpù wọ́n láyé ìgbà yẹn. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn á ya eré sórí téèpù, á gbé e jáde, á tún ya nǹkan mìíràn lé e lórí. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. BBC tí gbogbo ayé ń yìn pa ọ̀pọ̀ eré tiwọn rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Doctor Who nìkan, apá tó lé ní àádọ́rùn-ún ló ti sọnù. Ṣùgbọ́n ní tiwọn, àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń wá téèpù kiri ilé onílé àti ilẹ̀ òkèèrè (ẹ gbà mí gbọ́, Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti rí díẹ̀ ní 2013, ní Jọ́ọ̀sì). Òyìnbó wá eré tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó rí i, ó gbé e lọ sílé. Ta ló ń wá tiwa? Ní 2021, NTA gbé The New Village Headmaster jáde pẹ̀lú àwọn eléré tuntun. Mo bá wọn yọ̀. Síbẹ̀, tuntun ò lè sọ fún wa bí ohùn Kábíyèsí àtijọ́ ṣe ń dún.

Èyí kan ìlú wa. Àwa tí a ń kàwé níbí l'Ọ̀yẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi fóònù ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sì ń fi fóònù gba ìtàn lẹ́nu àwọn bàbá àgbà. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe fídíò ọjọ́ ìlú: a fi ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù, gbogbo èèyàn ní ó dára, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà fóònù ní àyè ti tán, a bá pa á rẹ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn fi téèpù ṣe láyé ìjọ́sí náà la ń fi fóònù ṣe yìí. Nínú àwọn àgbà tó sọ̀rọ̀ nínú fídíò yẹn, àwọn kan ti lọ.

Nítorí náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ yín. Ẹni tó bá ní fídíò tàbí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ì báà jẹ́ ti ìwúyè, ti ọdún ìbílẹ̀, ti ìpàdé ẹgbẹ́, tàbí ti bàbá yín tó ń sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìlú, kí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwa olóyè ẹ̀ka ọ̀dọ́ kó tó pa á rẹ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí wáàsáàpù lásán o, ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ fídíò kù. Ẹ so ó mọ́ ímeèlì, tàbí kí ẹ kó o sórí fíláàṣì, kí ẹ fún ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n gbà á sí i.